Ọdún Tí Bàbá Mi Kọ Ìyá Mi Sílẹ̀ Nítorí Páálí

Asẹ́ ìyá mi ló máa ń kọ́kọ́ dún ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Kí ladáànì tó pe ìrun àsùbáà, màá ti máa gbọ́ omi ògì tó ń kán sínú ìkòkò, àti ohùn ìyá mi tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń ja tẹ̀sùbáà. Ẹ̀kọ ló ń tà. Tó bá ti ro ó tán, èmi ni mo ń nu ewé, tí mo ń tò ó lé ara wọn kí ó lè rí i pọ́n wéréwéré kó tó tutù. Ewé eéran máa ń ya tí a bá fipá nù ún, ọwọ́ mi sì le nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í pariwo mọ́ mi. Á kàn mú èyí tó ya, á fi lé èyí tí kò ya, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ojú bá ti mọ́ díẹ̀, ìgbálẹ̀ àwọn obìnrin ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀, ewúrẹ́ á máa ké, bàbá mi á gbé àpótí síta, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ sára fìlà. Fìlà rírán ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ọjà'ba, àwọn àgbà tó mọ fìlà dé sì mọ̀ ọ́n. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i lọ́mọ, ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé. Láti orí ẹní rẹ̀ ni yóò ti máa ké pé, "Ìyá Mùtíátù, ẹ̀kọ mi dà? Àbí ìrun ni o fẹ́ kí n jẹ?" Èmi ni Mùtíátù. Èmi nìkan ni ìyá mi bí tó dúró.

Ìyá mi kọ́ nìkan ni ìyàwó bàbá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé kéú nígbà tí bàbá mi fẹ́ ìyàwó kejì, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni àwa ọmọ ilé ń pè é. Ẹni tó bá ń retí pé kí n ròyìn ìjà orogún yóò pẹ́ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n máa ń bínú síra wọn, ta ni kì í bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí ibà fẹ́ pa mí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló jókòó tì mí tí kò fojú kan oorun, nígbà tí oyún sì bàjẹ́ lára òun náà, ìyá mi ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tó wá ríṣẹ́ sí Kánádà, ìyá mi ló bá a di ẹrù. Mo rántí pé ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa lọ́jọ́ tó ń lọ, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, bí mo bá ti débẹ̀, gbogbo wa la ti débẹ̀ yẹn." Ìyá mi ní àmín. Gbogbo ilé ní àmín. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa korò lẹ́nu mi títí dòní. Ká ní ọ̀dàlẹ̀ ni, ì bá rọrùn fún mi láti kórìíra rẹ̀.

Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú agbo ilé wa nígbà náà, Bàbá Alájì ló sì ni ín. Bàbá Alájì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun ni olórí ilé, tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí àwọn ọkùnrin bá ti ti mọ́ṣáláṣí dé, Àǹtí Nọ́ọ̀sì á pè, Bàbá Alájì á sì gbé fóònù náà sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí gbogbo wa lè gbọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oòrùn mú gan-an, ìyá mi jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa àgbàdo lórí atẹ. Ohùn Àǹtí Nọ́ọ̀sì jáde, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ti gba páálí, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbé ìlú òyìnbó láìsí ẹni tó máa lé e. Ilé pariwo. Ìyá Àgbà ní òun máa jó, ó sì jó ní ìjókòó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá ti ní páálí lè fa ọkọ tàbí aya rẹ̀ wọ̀lú kí tọ̀hún náà lè gba tirẹ̀, òun sì fẹ́ fa bàbá mi. Ilé tún pariwo. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ la tó mọ̀ pé kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Ìyálé mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ, ìyàwó," ìyá mi dáhùn.

"Ẹ má bínú sí mi, ẹ dákun. Ìlú ibí ò mọ ìyàwó méjì. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìyàwó mìíràn wà nílé, wọn ò ní jẹ́ kí Bàbá Mùtíátù wọlé. Lọ́yà ní àfi kí wọ́n kọ̀ yín sílẹ̀, kí èmi náà wá sílé, ká jọ lọ ṣe ìgbéyàwó oníwèé."

Kò sẹ́ni tó wo ojú ìyá mi. Èmi nìkan ni mo wò ó, torí ọmọdé ò mọ ibi tí kò yẹ kí ojú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, ó ṣì ń ṣa àgbàdo, ṣùgbọ́n èyí tó dára ló ń dà nù, tó ń kó èyí tó ti jẹrà pa mọ́.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣe ìpàdé ní pálọ̀ Bàbá Alájì. Mo gbé orí lé itan Ìyá Àgbà, mo ṣe bí ẹni ń sùn. Bàbá Alájì ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa fi làákàyè wò ó, ó ní oríire kì í kan ilẹ̀kùn ẹni lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní, "Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ìyá mi gbójú sókè. "Bàbá, ẹ dákun, èwo nínú wa ni àáké?"

"Ìyá Mùtíátù, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ," Bàbá Alájì ní. "Inú ilé yìí náà lo máa wà. Yàrá ẹ ò ní yẹ̀, ọmọ ẹ ò ní yẹ̀. Orí ìwé lásán ni."

Bàbá mi, tó ti ń yí okùn òwú mọ́ ìka láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Orí ìwé ni, Ìyá Mùtíátù. Jẹ́ kí n dé ọ̀hún. Tí èmi náà bá ti gba páálí, màá padà wá, a ó tún yìgì wa so. Mùtíátù á wá kàwé lọ́dọ̀ mi."

"Wàsíù," Ìyá Àgbà ní, "ojú mi lo ṣe sọ ọ́ o."

Orí ìwé lásán. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà, lẹ́nu àwọn tó fẹ́ra wọn nítorí rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn tó kọ ara wọn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, mi ò sì tíì rí ìwé tó jẹ́ lásán. Ìwé lásán ló sọ bàbá mi di ará Kánádà. Kí ló dé tí ìwé lásán kan náà ò fi ní sọ ìyá mi di àlejò nínú ilé tó ti ń gbé láti ìgbà wúńdíá rẹ̀? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, lórí itan Ìyá Àgbà, Kánádà ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé ṣé wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ níbẹ̀.

Àfáà tó so yìgì àwọn òbí mi ni wọ́n ránṣẹ́ sí, bàbá arúgbó kan láti Àrẹ̀mọ, níbi tí ilé bàbá ìyá mi wà. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó ń gbọn orí. Nígbà tí Bàbá Alájì ṣàlàyé tán, Àfáà ní, "Ẹ gbọ́ mi. Yìgì ò ní eré, ìkọ̀sílẹ̀ ò ní eré. Tí Wàsíù bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́ nìyẹn, ì báà máa rẹ́rìn-ín sọ ọ́. Ẹyin lohùn."

"Àfáà, a ò ní eré ni," Bàbá Alájì dáhùn. "A ní fún ìgbà díẹ̀ ni."

"Kò sí ìkọ̀sílẹ̀ ìgbà díẹ̀, Alájì. Mi ò mọ irú ẹ̀." Ó wá yíjú sí ìyá mi. "Ọmọ mi, ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó wá ní, "Àfáà, bí mo bá ní rárá, gbogbo ohun tí ilé yìí ò bá rí jẹ láti òní lọ, orí mi ni wọ́n máa dì í rù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ̀ mí." Wọ́n ní, "Ó ṣeun, ọmọ dáadáa." Wọ́n gbàdúrà fún un. Mi ò rí i kí wọ́n gbàdúrà fún ìyá mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Níwájú Àfáà náà ni bàbá mi ti sọ ọ́, ó wolẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Àfáà jẹ́ kó sọ ọ́, kí ọ̀nà àbọ̀ má bàa dí pátápátá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ gba ìwé rẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá mi bọ́ aṣọ tó wọ̀ jáde, ó ká a, ó lọ rẹ àgbàdo tó máa lò lọ́jọ́ kejì sómi. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ní ìdáà nínú, ìyẹn oṣù mẹ́ta tí obìnrin gbọ́dọ̀ fi dúró. Àfáà ti kìlọ̀ fún wọn pé tí bàbá mi bá sún mọ́ ọn láàárín àkókò náà, ìkọ̀sílẹ̀ ti dà nù, òun náà ti di ìyàwó padà. Nítorí náà ni Ìyá Àgbà ṣe kó ẹní rẹ̀ wá sí yàrá wa. Ìyá tó bí ọkọ ló wá ń ṣọ́ ìyàwó kí ọkọ má bàa wọlé. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ mọ bí ó ti rí. Mo máa ń gbọ́ tó ń mí kanlẹ̀, tí ó ń sọ pé, "Ayé mi o. Ayé mi, kí ni mo jẹ gbó yìí?"

Àwọn nǹkan kéékèèké ló yí padà, mo sì rí gbogbo wọn. Ìyá mi kì í gbé oúnjẹ fún bàbá mi mọ́. Á bù ú, á bò ó, á ní, "Gbé oúnjẹ bàbá ẹ lọ fún wọn." Kì í bá a jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ mọ́ láti máa bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí pé ojú bàbá mi ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí ìdáà parí, mo rí i pé tí bàbá mi bá ti yọ lókèèrè, ìyá mi á tètè fa ìborùn rẹ̀ bo irun. Mo ń wò ó títí, mo wá bi í.

"Màmí, kí ló dé tí ẹ fi ń bo orí tí Bàbá bá ń bọ̀?"

"Nítorí wọn kì í ṣe ọkọ mi mọ́."

"Kí ni wọ́n wá jẹ́ sí yín?"

Ó ronú sí i. "Bàbá ẹ ni wọ́n," ó ní, ó sì rán mi níṣẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé. Ètè gbogbo wa ti bó, tirẹ̀ ń dán. Nílé ìjọba ìbílẹ̀ kan lókè Màpó ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó oníwèé náà. Wọ́n mú mi dání. Bàbá mi wọ kóòtù dúdú kan tí ó yá, orí rẹ̀ sì ṣófo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí bàbá mi níta láìdé fìlà, ó kéré lójú mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń so wọ́n pọ̀ bi wá bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́ra. Mo wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wo ojú fèrèsé. Wọ́n fọwọ́ síwèé, a pàtẹ́wọ́.

Ta ló wá dáná ìgbéyàwó náà? Ìyá mi ni. Bàbá Alájì ní ta ni à bá tún pè, nígbà tí a ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn nílé. Nígbà tí a ti òkè Màpó dé, ó ti se ìrẹsì, ó ti pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ kún agbada, eérú wà nínú irun ojú rẹ̀. Àwọn àlejò ń kí i kú iná. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò mọ̀ ọ́n, bi í pé èló ló ń gbà láti dáná ìnáwó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé tọ̀ ọ́ wá ní ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ funfun gígùn tó wọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eérú.

"Ìyálé mi, ẹ forí jì mí."

"Dìde, aṣọ ẹ ń dọ̀tí."

"Mi ò ní dìde. Ìyálé mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ìyá mi ní, kò sì gbóhùn sókè. "Ìyálé ta ni mí? O ti di ìyàwó kan ṣoṣo. Gba, gbé àwo yìí lọ fún àwọn èèyàn ẹ."

Ìwé ìrìnnà bàbá mi pẹ́ kó tó jáde. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti padà lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀, odò Ògùnpa ti kún tó ti fà, kí àwọn aṣojú ìjọba Kánádà tó pe bàbá mi sí Èkó láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Nígbà tó dé, ó ròyìn rẹ̀ fún Bàbá Alájì nínú àgbàlá. Wọ́n bi í pé ṣé ó ní ìyàwó mìíràn, ó ní rárá. Wọ́n bi í pé ìyá ọmọ rẹ̀ ńkọ́, ó ní àwọn ti kọra. "Mi ò parọ́," ó ń wí, ayọ̀ kún ojú rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n, mi ò pa irọ́ ẹyọ kan." Ìyá mi ò jìnnà sí wọn. Ó gbọ́. Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, tí mo bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí: òótọ́ ni bàbá mi sọ.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dìrọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ó dìrọ̀ mọ́ mi, ó gbá Bàbá Alájì mọ́ra. Nígbà tó kan ìyá mi, ó dúró. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìborùn lórí, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ máa lọ o," ó ní. "Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀." Bàbá mi gbé àpò rẹ̀, ọkọ̀ sì ń fun fèrè.

Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kéèyàn wọ̀lú yàtọ̀ sí kí ìlú gba èèyàn. Nínú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gé adìẹ dídì ni wọ́n fi í sí. Ó ní òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun, ìka òun kì í ká mọ́, ìka tó fi ń rán fìlà. Kò sẹ́ni tó nílò fìlà níbẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ń sanwó ilé, òun ló ń fi bọ́ọ̀sì hàn án bí ọmọdé, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé, ẹni kan ń wọlé, ẹni kan ń jáde. Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Ìyá mi ló ń sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti kí gbogbo ilé tán, á ní kí wọ́n gbé fóònù fún Ìyá Mùtíátù, ìyá mi á sì gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin tó kọ̀ sílẹ̀ ló ń rojọ́ ìyàwó rẹ̀ fún. Ó ní kì í bọ̀wọ̀ fún òun mọ́, ó ní ó ń pe òun ní ọ̀lẹ. Mo máa ń gbọ́ ìyá mi tó ń tù ú nínú. "Ẹ ní sùúrù fún un. Ó ń rẹ òun náà. Ẹ bá a fọ abọ́, kò sẹ́ni tó ń wò yín níbẹ̀." Tó bá pa fóònù tán, á jókòó sórí òkúta ìfọṣọ fún ìgbà pípẹ́, mi ò ní sún mọ́ ọn.

Ní Bẹyẹrúnkà, ilé ń kọ ìyá mi díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e, bí Bàbá Alájì ti wí. Àwọn ìyàwó kéékèèké tó ń kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ wá ń tẹ̀ díẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n ń dúró kí i. Nígbà Iléyá ọdún náà, wọ́n pín ẹran fún àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń pín in láti ayébáyé, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Ìyá mi ti gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó Bàbá Alájì pín in, ó pín in, ó fo abọ́ ìyá mi. Nígbà tó parí, ó mú ẹran díẹ̀ nínú ti àwọn ọmọ, ó jù ú síbẹ̀, ó ní, "Èyí ni ti Mùtíátù." Ìyá mi ní ẹ ṣeun. Ó gbé e wọlé, ó dín in, ó ní kí n jẹ ẹ́. Ó wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, kò fi ẹnu kàn án.

Mo ti ga ju ìyá mi lọ, mo ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kí bàbá mi tó tún tẹ ilẹ̀ ilé wa. Òun nìkan ló wá. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹnikẹ́ni lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà ò lè dìde nílẹ̀ mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Ọjọ́ kejì tó dé ló ní kí wọ́n pe gbogbo wa sí yàrá òun.

"Wàsíù, ṣé o ti gba páálí?"

"Mo ti gbà á, Ìyá."

"Ojú mi kọ́ lo ṣe ṣèlérí? Ó yá, ẹ ránṣẹ́ pe àfáà."

Bàbá mi nu ojú. "Ìyá, mi ò gbàgbé. Ó wà lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ ká ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Inú yàrá yín níbí ti tó. Kí àfáà kan wá, kí ẹlẹ́rìí méjì jókòó, ó parí. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ lórí fóònù. Ìyàwó ò gbọdọ̀ gbọ́, ìjọba ọ̀hún ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ mí di ọmọ onílùú."

"Ó mọ́gbọ́n dání," Bàbá Alájì ní. "Àṣírí ni ọ̀rọ̀ ilé."

Ìyá mi jókòó sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó dìde. Ó gbá aṣọ rẹ̀ mú, ó wo bàbá mi lójú, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀.

"Bàbá Mùtíátù, gbangba lẹ ti kọ̀ mí. Àfáà gbọ́, kóòtù gbọ́, Kánádà gbọ́. Ẹ ò lè wá fẹ́ mi ní kọ̀rọ̀."

"Ṣebí mo ní orí ìwé lásán ni..."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ mú ìwé lásán náà wá, kí ẹ kọ orúkọ mi sí i."

Mo fẹ́ kí bàbá mi fèsì, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ó wí, mo kàn fẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bàbá Alájì ní, "Ìyá Mùtíátù, jókòó, ká fi sùúrù sọ ọ́." Ìyá mi ò jókòó. Ìyá Àgbà bú sẹ́kún, ó ń pariwo pé òun ló ṣe é, òun ló kó ẹní lọ dínà. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìyá mi kó ìkòkò rẹ̀, asẹ́ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ta ló máa dá a dúró, orúkọ wo ló sì máa fi pè é? Èmi náà bá a lọ. Bàbá mi ní kí n bọ̀ wá bá òun ní Kánádà, ó ní ìyá mi kàn máa fọwọ́ síwèé ni. Ìyá mi ní òun ti fọwọ́ síwèé tó.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn èèyàn, wọ́n á ní ìyá mi mà ṣe ọkùnrin. Wọn ò sí níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ títà ládùúgbò tí àwọn ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti ń wò ó bí ẹni tó wá gba yàrá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ń ṣi orúkọ pe àwọn oníbàárà. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró lórí asẹ́, mo sì mọ̀ pé Bẹyẹrúnkà ni ọkàn rẹ̀ wà. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ṣẹ́gun lójú gbogbo ilé lọ́jọ́ kan, ó wá fi ọdún tó kù san án.

Mo ti lọ́kọ báyìí, mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi. Bàbá mi ti di ọmọ onílùú Kánádà. Òun àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì bí ọmọ méjì tí mo mọ ojú wọn lórí fóònù nìkan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí Iléyá kọjá kó má kí ìyá mi, "màmá mi" ló sì ń pè é báyìí, nítorí ìyá mi ò gbà fún un láti pe òun ní ìyálé mọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Àrẹ̀mọ nígbà tí bàbá mi pè mí lórí fóònù tí a fi ń ríra. A ń kíra, ó ń bi mí léèrè àwọn ọmọ. Ìyá mi wà lódìkejì, níbi tí bàbá mi ò ti lè rí i. Ó fọwọ́ ṣe àmì sí mi. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó fẹ́ wò ó. Mo fi àtàǹpàkò bo ojú tí fóònù fi ń ríran, mo yí i sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mùtíátù, mi ò rí ẹ mọ́," bàbá mi ń wí. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìyá mi fa ìborùn bo irun kó tó tẹ̀ síwájú. Ó wò ó, ó wo irun funfun rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀ títí ó fi sú bàbá mi, tó dágbére, tó pa fóònù.

"Wọ́n ti rù," ó ní.

Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.